Kí áàpù tó wọ fóònù yín, ẹ ní kí wọ́n ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ fún yín

Gbogbo ẹni tó bá ń kó ọjà gba bọ́dà ló mọ̀ pé ẹrù kì í rìn láìní ìwé. Yálà àgbàdo lẹ kó láti Kétu tàbí aṣọ láti Kútọnu, àwọn aṣọ́bodè yóò bèèrè: kí ló wà nínú àpò yìí, ta ló ni ín, ibo ló ń lọ? Bí ohun tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ọkọ̀, wàhálà dé nìyẹn. A máa ń ráhùn sí wọn, ó sì tọ́ kí a ráhùn nígbà mìíràn, àmọ́ a mọ ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, áàpù tí ẹ ń fi sórí fóònù náà ní ìwé ẹrù tirẹ̀. Inú rẹ̀ gan-an ni ìwé náà wà. Orúkọ rẹ̀ tòótọ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn nínú fóònù yín sì wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kámẹ́rà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn, orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ yín, àtẹ̀jíṣẹ́ yín, ibi tí ẹ wà. Kò sí áàpù Android kan tí kò ní ìwé yìí, torí fóònù kì í gba èyí tí kò ní in wọlé. Ohun tó ń dùn mí ni pé irinṣẹ́ tó ń ka ìwé náà ti wà tipẹ́, ọ̀fẹ́ ni, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ fún àwọn ìyá wa ní ọjà.

Ẹ wo bí áàpù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Mégà wọ́n. Ẹni tó fẹ́ lo WhatsApp tàbí áàpù tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù kì í sábà lọ gbà á ní Google Play, pàápàá bí fóònù bá jẹ́ àlòkù, tí kò sí àdírẹ́sì Gmail kankan nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe ni yóò fi Xender ta á sí i láti inú fóònù tirẹ̀, tàbí kí ọ̀rẹ́ kan fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Orúkọ fáìlì náà máa ń parí sí .apk. Fóònù yóò kìlọ̀ pé òun kò mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá, ọmọ náà yóò tẹ ibi tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun tẹ̀, ó parí. Ìyá á gba fóònù, á sanwó, á padà sídìí igbá gàrí rẹ̀. Bó ṣe ń lọ nìyí ní Àjàṣẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àtakpamé lọ́hùn-ún.

N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí kò bá rówó ra mégà, ọ̀nà tó rí ló ń gbà. Àmọ́ inú fóònù yẹn kan náà ni owó MoMo wà, tàbí Flooz fún àwọn ará Tógò. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà àwọn oníbàárà wà, àti fọ́tò àwọn ọmọ. Ẹni tí kò ní gba àlejò sílé lálẹ́ láìbéèrè ilé baba rẹ̀ ń gba àlejò sínú fóònù lọ́sàn-án gangan, kò sì bi í ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú fáìlì náà, torí kì í ṣe awo. Àpò ni .apk. Bí ẹni dì í ni wọ́n ṣe dì í, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń gbà di fáìlì zip lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tú u yóò bá kóòdù tó ń mú áàpù ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yóò bá àwòrán, yóò bá òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é, yóò sì bá fáìlì kan tó ń jẹ́ AndroidManifest.xml. Òun ni ìwé ẹrù tí mò ń sọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá tú àpò náà fúnra yín, tí ẹ ṣí ìwé yẹn, ojú lásán kò lè kà á. Wọ́n ti fún un pọ̀ sí èdè ẹ̀rọ, kí fóònù lè tètè lóye rẹ̀. Ó dà bí àrokò ayé àtijọ́. Ọba á so owó ẹyọ pọ̀ lọ́nà kan, á fi rán ìránṣẹ́, ìránṣẹ́ á sì rìn láti ìlú kan dé èkejì láìmọ ohun tí òun gbé dání. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ ní àrokò nìkan ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ń túmọ̀ àrokò yìí ni àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní láìbírárì. Kì í ṣe ilé ìkàwé o. Láìbírárì kóòdù jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe parí, tó sì gbé sílẹ̀ kí ẹlòmíràn máa lò ó láìtún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, bí ìgbà tí aránṣọ bá ra síìbù tó ti wà ní ṣíṣe dípò kó jókòó máa rọ irin. Fún kíka ìwé inú .apk, èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni Androguard, tí wọ́n fi èdè Python kọ. Ọ̀kan wà ní èdè Java tó ń jẹ́ apk-parser. Google fúnra rẹ̀ ní irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ aapt, tó máa ń bá àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe áàpù wá. iPhone náà ní ìwé tirẹ̀, Info.plist ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹ ẹ́ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀, kì í ṣe iPhone ló kún ọjà wa.

Ọmọ tó bá ti kọ́ Python fún oṣù méjì péré lè lo Androguard. Ìlà kan ni yóò fi ṣí fáìlì. Yóò kọ get_package, orúkọ tòótọ́ áàpù á jáde. Yóò kọ get_permissions, gbogbo àṣẹ tí áàpù náà fẹ́ gbà á tò sílẹ̀. Kò ní tẹ áàpù náà sórí fóònù kankan rárá kó tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ tó bá sì ti gba láìbírárì náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kàwé mọ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí owó mégà ń dùn.

Kí nìdí tí àkójọ àṣẹ yẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Torí pé ohun tí áàpù kò bá kọ sínú ìwé yìí, fóònù kò ní fún un. Bí áàpù kò bá kọ ọ́ pé òun yóò ka àtẹ̀jíṣẹ́, kò lè kà á, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó lẹ́yìn tó bá wọlé. Nítorí náà, ìwé yìí ni ààlà ohun tó lè béèrè. Ẹni tó bá ti kà á ti mọ ibi tí ọwọ́ àlejò náà lè dé.

Ẹ wá wo àpẹẹrẹ. Ní 2013, FTC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà ní Amẹ́ríkà, mú ilé-iṣẹ́ tó ṣe áàpù tọ́ọ̀ṣì kan tó ń jẹ́ Brightest Flashlight. Iná ni wọ́n ní ó ń tàn. Ó tàn án lóòótọ́. Àmọ́ ó tún ń fi ibi tí ẹni tó ni fóònù wà ránṣẹ́ sí àwọn apolówó ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sì ti gbà á sórí fóònù wọn. Kí ni tọ́ọ̀ṣì ń fi ibi tí mo wà ṣe? Ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ni ì bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn áàpù ayánilówó ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ní ẹbí, tí a ti ń nájà. Ẹni tó bá yá owó lórí wọn, tí kò tètè san án, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí àwọn oníbàárà rẹ̀, pé onígbèsè ni, pé olè ni. Níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà wọn? Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ tó gba áàpù náà. Ariwo náà pọ̀ débi pé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022. Google náà ní láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2023, áàpù ayánilówó tó bá fẹ́ wà lórí Google Play kò gbọdọ̀ béèrè orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Ti àtẹ̀jíṣẹ́ ti ṣáájú ìyẹn: láti 2019 ni Google ti ní kí àwọn áàpù tí kò ní ìdí gúnmọ́ yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú SMS.

Ẹ wò ó o. Òfin ọjà Google ni ìyẹn. Kò dé ìdí tábìlì tí a ti ń fi Xender ta áàpù síra wa. Èyí tí wọ́n bá lé kúrò níbẹ̀ nítorí ìwà rẹ̀ lè gba ọ̀nà yìí dé ọ̀dọ̀ wa, ara á sì tù ú.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí fóònù máa ń béèrè kó tó fún áàpù láyè? Ó ń béèrè. Láti Android 6, tó jáde ní 2015, áàpù tó bá fẹ́ kámẹ́rà tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lójú ẹni tó ni fóònù. Àmọ́ èdè wo ni fóònù fi ń béèrè? Faransé ni. « Autoriser » wà lápá kan, « Refuser » wà lápá kejì, ìyá tí kò ka Faransé rí á tẹ èyí tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ni áàpù fi ń ṣí. Ní Kétu, a ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu-ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọ ìlú láyé àtijọ́. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á fi ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú sí ìdí ilẹ̀kùn yẹn kó máa bi àlejò léèrè? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹnu-ọ̀nà fóònù wa ṣe wà lónìí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kíka ìwé náà nìkan kò tó. Yorùbá ni kí wọ́n fi kà á, kó sì jẹ́ Yorùbá tí ènìyàn ń sọ. Bí láìbírárì bá gbé READ_CONTACTS jáde, kí ọmọ ìdí tábìlì náà má kàn sọ pé « ó fẹ́ contact ». Kó sọ pé: ìyá, nǹkan yìí fẹ́ mọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ẹ ní sínú fóònù. Bí ó bá gbé READ_SMS jáde: ó fẹ́ máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín, títí kan nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni. RECORD_AUDIO: ó fẹ́ lè gbọ́ ohùn yín kó sì gbà á sílẹ̀. ACCESS_FINE_LOCATION: ó fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà gan-an. SYSTEM_ALERT_WINDOW, tí orúkọ rẹ̀ kò jọ ohun tó lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, ni èmi ń bẹ̀rù jù nínú wọn: ó fẹ́ lè na aṣọ bo ojú áàpù mìíràn, kí ẹ máa rò pé ojú ìwé owó yín lẹ ń tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ sí, kó sì jẹ́ pé orí aṣọ lẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí. Irú rẹ̀ mìíràn wà tí Android ṣe nítorí àwọn tí ojú ń dùn, tí ẹ̀rọ á fi máa ka ojú fóònù fún wọn, á sì máa bá wọn tẹ̀ ẹ́. Oore ni, àmọ́ bí olè bá gbà á, ohun gbogbo lórí fóònù ló rí yẹn.

Bí ìyá bá gbọ́ ọ báyìí, yóò mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tó ń ná ẹ̀wà láàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ọjà padà.

N kò fẹ́ parọ́ fún yín nípa agbára irinṣẹ́ yìí. Ìwé ẹrù máa ń sọ ibi tí ọwọ́ lè dé, kì í sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe níbẹ̀. WhatsApp gidi náà ń béèrè orúkọ àwọn ojúlùmọ̀, ó sì ń béèrè ẹ̀rọ ohùn. Bí kò béèrè, báwo la ṣe fẹ́ fi pè? Nítorí náà, kì í ṣe iye àṣẹ ni kí a máa kà bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀. Kí a bi ara wa bóyá ohun tó ń béèrè bá iṣẹ́ tó sọ pé òun wá ṣe mu. Tọ́ọ̀ṣì àti ibi tí mo wà kò bára mu. Ẹ̀rọ ìṣirò àti àtẹ̀jíṣẹ́ kò bára mu.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ ń rí lábẹ́ àwòrán áàpù lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá 2017, ayédèrú kan tó pe ara rẹ̀ ní Update WhatsApp Messenger wọ Google Play fúnra rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù kan ìgbà tí wọ́n gbà á sórí fóònù kí wọ́n tó lé e. Ẹni tó ṣe é kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ WhatsApp bó ṣe yẹ, ó wá fi àmì kan tí ojú kò lè rí sí ìparí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń sọ pé Google Play nìkan ti tó rántí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ sàn ju ìdí tábìlì lọ.

Láìbírárì ń fi orúkọ abẹ́lẹ̀ hàn. WhatsApp gidi ń jẹ́ com.whatsapp, ti oníṣòwò ń jẹ́ com.whatsapp.w4b. GBWhatsApp tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pín kiri nítorí àrà inú rẹ̀ ń jẹ́ com.gbwhatsapp: kì í ṣe ọmọ ilé yẹn rárá, àwọn tó ni WhatsApp sì ti sọ pé àwọn lè ti ẹni tó bá ń lò ó mọ́ta. Orúkọ abẹ́lẹ̀ náà ṣeé jí lò, n kò bò ó mọ́ra. Òǹtẹ̀ ni kò ṣeé jí. Olúkúlùkù ẹni tó ń ṣe áàpù ló ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, inú àpò ló wà, Androguard sì ń yọ ọ́ jáde. Bí òǹtẹ̀ tó wà lára WhatsApp tí wọ́n ta sí yín bá yàtọ̀ sí ti ojúlówó tó wá láti Google Play, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní oṣù kẹjọ 2025, Google kéde pé ìgbà ń bọ̀ tí fóònù Android kò ní gba áàpù tí ẹni tó ṣe é kò bá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, pé yóò bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2026 ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand. Ẹ ò rí Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò sì rí Tógò. Èmi ò lérò pé ó yẹ kí a jókòó máa dúró dè é. Bí ó bá tilẹ̀ dé, ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ní ìwà.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Exodus Privacy ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 2017. Wọ́n ń tú áàpù, wọ́n ń ka àṣẹ tó wà nínú ìwé rẹ̀, wọ́n sì ń wá kóòdù àwọn tó ń tọpa ènìyàn nínú rẹ̀, wọ́n wá ń kọ èsì rẹ̀ ní Faransé síta kí gbogbo ayé rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ka Faransé, ẹ lè lọ wò ó lónìí. Ìyá mi kò lè kà á, ìyá yín náà lè má lè kà á.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi kan àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní IFRI ní Abomey-Calavi, ní IMSP ní Dangbo, àti ẹ̀yin tí ẹ dá kọ́ ọ lórí YouTube. Ẹ ti ń kọ́ láìbírárì wọ̀nyí ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi wọ́n ṣe nǹkan kékeré kan tí ọmọ ìdí tábìlì lè lò: kó ju .apk sínú rẹ̀, kí Yorùbá jáde, ní lẹ́tà gàdàgbà, kódà kó ní ohùn fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kò gba owó ìjọba. Bẹ̀nẹ̀ ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, APDP sì wà láti máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń fi àṣírí ara ìlú ṣe. Tógò náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2019. Òfin dára. Àmọ́ ẹjọ́ ni òfin ń dá lẹ́yìn tí olè bá ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni ẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà. Bí ẹ bá ń gba owó kí ẹ tó ta áàpù sí fóònù oníbàárà, kí kíka ìwé rẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é ní ọjà rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ìyá yóò máa lọ.

Èyí tó kù ni àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Mo pe contacts ní « orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ », àmọ́ ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Ìdáàṣà. Location ńkọ́? « Ibi tí ẹ wà » gùn díẹ̀ fún ojú fóònù. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń lò nílé ránṣẹ́ sí ojú ìwé yìí, kí a tò wọ́n jọ fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó kọ kóòdù náà.